Èéfín tábà àti ọmọ tó bómi lọ: bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá ikú omi jà

1/ Ká ní ẹ já sódò ní London ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n sì fà yín jáde, ẹ mọ ohun tí wọ́n lè ṣe fún yín? Wọ́n á gbé ẹwìrì, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná. Wọ́n á tan tábà. Wọ́n á wá fẹ́ èéfín tábà yẹn sí yín ní ihò ìdí. Mi ò ṣàwàdà o. Àwọn dókítà gidi ló ní kí wọ́n máa ṣe é. Ẹ fìdí yín mọ́lẹ̀ dáadáa, ìtàn yìí gùn díẹ̀. 🧵

2/ Ká tó dé London, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ilé wa. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí ọmọ àǹtí mi, ọmọ ọdún 3, já sí kànga ẹ̀yìnkùlé wọn. Àárọ̀ Sátidé ni. Àǹtí mi ń fọṣọ. Páànù ni wọ́n fi ń bo ẹnu kànga yẹn, wọ́n á wá gbé òkúta lé e lórí. Ẹnìkan fa omi tán láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò dá páànù padà dáadáa. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ariwo kankan.

3/ Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbá a lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n dorí ẹ̀ kodò, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n kí omi lè jáde. Ẹlòmíì ń tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ìyá àgbà kan sáré mú epo pupa wá. Nígbà tí ẹnìkan ní ká gbé e lọ sọ́sípítù, bàbá kan ní, "Ẹ rọra o. Wọ́n á béèrè ìwé ọlọ́pàá. Ta ló fẹ́ lọ ṣàlàyé?" Orí àríyànjiyàn yẹn la wà títí ọ̀rọ̀ fi bọ́ sórí.

4/ Gbogbo àgbà tó wá kí wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. "Àmúwá Ọlọ́run ni." "Omi ló pè é." "Ẹ gba kámú." Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ẹnìkan ò dárúkọ páànù.

5/ Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ni mo ka ìtàn ìlú Amsterdam ní ọdún 1767, ọkàn mi sì fò sókè. Torí gbogbo ohun tí mo rí lẹ́yìnkùlé àǹtí mi ló wà níbẹ̀: wọ́n ń dorí èèyàn kodò, wọ́n ń bẹ̀rù ọwọ́ ìjọba, wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀ ní kádàrá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ní tiwọn, àwọn kan dìde lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́.

6/ Ẹ fojú inú wo Amsterdam ìgbà yẹn. Omi ló wà láàárín ilé àti ilé, àwọn odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, tí ọkọ̀ ojú omi ń gbẹ́rù gbà. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kò ní ohun tó dábùú etí omi. Iná ìta ò tó nǹkan. Kùrukùru á bolẹ̀ lálẹ́, ẹnìkan á ti ilé ọtí bọ̀, á fẹsẹ̀ gbáfẹ́fẹ́, ó di inú omi. Gbogbo ọdún lèèyàn ń bómi lọ níbẹ̀, àárín ìlú ni o, ojú àwọn èèyàn ni.

7/ Tí wọ́n bá fà wọ́n jáde ńkọ́? Ìgbàgbọ́ àwọn aráàlú ni pé èèwọ̀ ni kéèyàn fọwọ́ kan ẹni tó rì sómi kí ìjọba tó dé. Wọ́n á fi í sílẹ̀ létí omi, ẹsẹ̀ ẹ̀ á ṣì wà nínú omi, wọ́n á máa dúró de aláṣẹ. Àwọn tó ni ilé èrò ò fẹ́ kí wọ́n gbé e wọlé tàwọn. Wọ́n ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà fi ẹ̀sùn kàn wọ́n. Ẹ rántí bàbá tó ní "ẹ rọra o."

8/ Ní ọdún 1767, àwọn ọlọ́lá kan nílùú yẹn kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ torí àwọn tó bá rì sómi. Orúkọ ẹ̀ lédè wọn ni Maatschappij tot Redding van Drenkelingen. (Ẹ má fipá pè é, ahọ́n lè kán 😅.) Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá fa èèyàn jáde, tó sì jí i padà, dúkátì wúrà 6 ni tiẹ̀, tàbí kó gba mẹ́dàlì. Owó gidi nìyẹn láyé ìgbà náà. Ẹni tó bá sì gba ẹni tó rì náà sílé, ẹgbẹ́ á san gbogbo ìnáwó ẹ̀.

9/ Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Wọn ò ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wá dókítà. Ẹni tó wà nítòsí omi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: ọlọ́kọ̀ ojú omi, obìnrin tó ń fọṣọ, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé èrò. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́, ìbẹ̀rù ni àti owó. Ẹgbẹ́ yìí mú méjèèjì kúrò lọ́nà.

10/ Wọ́n tún tẹ ìlànà jáde, wọ́n pín in káàkiri. Èyí ló pa mí lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n yé yí ẹni tó rì lórí àgbá. Wọ́n ní kí wọ́n yé dorí ẹ̀ kodò. Ọdún 1767 ni mo ń wí o! Ohun tí wọ́n ti ní kí ayé yéé ṣe lọ́jọ́ yẹn la ṣe fún ọmọ tiwa, nígbà ayé fóònù.

11/ Kí ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe? Ẹ gbé e síbi tó móoru. Ẹ bọ́ aṣọ tútù lára ẹ̀. Ẹ máa fi nǹkan ra á lára. Ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Títí débí yẹn, ó bọ́gbọ́n mu. Lẹ́yìn náà ni èéfín tábà wọlé. Èrò wọn ni pé ara ẹni tó rì ti tutù, ó sì ti sùn. Tábà gbóná, ó sì ń ta ni jí. Tẹ́nu bá ti dí, kí wọ́n gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ má bú wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ nìyẹn.

12/ Láàárín ọdún 4, ẹgbẹ́ náà ní àwọn ti gba nǹkan bí 150 èèyàn là. Wọ́n ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: ibo ló ti ṣẹlẹ̀, báwo ló ṣe pẹ́ tó lómi, kí ni wọ́n ṣe fún un, ṣé ó jí àbí kò jí. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Ìwé yẹn rìn. Venice, Hamburg àti Paris náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Òun náà ló dé London.

13/ Ní London, dókítà kan wà tó ń jẹ́ William Hawes. Ó gbà pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní òkú létí odò Thames ò tíì kú tán. Àwọn èèyàn ń fi í ṣẹ̀sín. Ló bá ń fi owó ara ẹ̀ san ẹnikẹ́ni tó bá tètè gbé ẹni tó rì wá fún un, kó lè gbìyànjú. Owó tara ẹ̀ o, fún odindi ọdún kan gbáko.

14/ Dókítà mìíràn, Thomas Cogan, ló túmọ̀ ìwé Amsterdam sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1773. Òun àti Hawes pàdé. Ní ọdún 1774, àwọn méjèèjì kó ọ̀rẹ́ jọ sí ilé ìmukọfí kan nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's, àwọn 32 ló sì dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Royal Humane Society lónìí sílẹ̀. Ó ṣì wà títí di ìsinsìnyí.

15/ Àwọn náà gbé owó kalẹ̀: gínì 2 fún ẹni tó bá gbìyànjú, gínì 4 tí ẹni tó rì bá jí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ayé, ẹ ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Àwọn jàǹdùkú London dọ́gbọ́n: ìwọ ṣe bí ẹni tó rì, èmi ṣe bí ẹni tó gbà ọ́ là, ká jọ pín in. 😂 Ẹ ẹ̀ rí i pé jìbìtì ò bẹ̀rẹ̀ lónìí? Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi mẹ́dàlì àti ìwé-ẹ̀rí rọ́pò owó.

16/ Ṣùgbọ́n wọn ò torí ìyẹn pa iṣẹ́ tì. Wọ́n kó irinṣẹ́ sí etí Thames, ẹwìrì wà níbẹ̀, tábà wà níbẹ̀, bí a ṣe ń gbé ohun ìpaná sára ògiri lónìí. Ní etí adágún Serpentine tó wà ní Hyde Park, wọ́n kọ́ odindi ilé kan tí wọ́n á máa gbé àwọn tó bá rì lọ. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó rì sómi ò já mọ́ nǹkan kan ju òkú lọ. Ní báyìí, ó ti di aláìsàn tó ní ilé ìtọ́jú tiẹ̀. Ìyípadà ńlá nìyẹn.

17/ Ta ló wá pa èéfín tábà tì? Ní ọdún 1811, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Benjamin Brodie, fi hàn pé májèlé ni ohun tó wà nínú tábà, ó lè dá ọkàn dúró. Háà! Oògùn tí wọ́n fi ń jí èèyàn náà lè pa á. Wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀. Bí mo ṣe rí i nìyí: oògùn wọn ò tọ̀nà, àmọ́ ìbéèrè wọn tọ̀nà. Ẹni tó bá ń béèrè pé "kí la lè ṣe?" lè ṣìnà, á sì tún padà sọ́nà. Ẹni tó bá ti ní "kádàrá ni" ò tiẹ̀ tíì gbéra nílé.

18/ Wọ́n sì ṣìnà lóòótọ́. Ìmọ̀ràn ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, tó wà nínú ìlànà 1767, wọ́n pa á tì. Odindi ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ń yí èèyàn síbí sọ́hùn-ún, tí wọ́n ń gbé e lápá sókè sódò, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Gbogbo ọ̀nà yẹn ló ní orúkọ ńláńlá. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú ẹ̀ ò tó.

19/ Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, James Elam àti Peter Safar, wá fi hàn pé èémí tó ń ti ẹnu wa jáde ṣì ní atẹ́gùn tó lè gbé ẹlòmíì ró. Safar lo àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn: wọ́n fún wọn lóògùn tí wọn ò fi ní lè mí fúnra wọn, àwọn ẹlòmíì wá ń bá wọn mí. Ó ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1960, àwọn dókítà ní Johns Hopkins fi kún un pé téèyàn bá ń fọwọ́ tẹ àárín àyà, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ kiri. Bí CPR ṣe pé nìyẹn.

20/ Báwo ni wọ́n ṣe máa kọ́ gbogbo ayé? Bèbí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin kan wà ní Norway, Asmund Laerdal, tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ọmọ tiẹ̀ gan-an, ọmọ ọdún 2, ti já sómi rí, òun fúnra ẹ̀ ló fà á jáde kó tó pẹ́ jù. Nígbà tí àwọn dókítà bá a sọ̀rọ̀, ó ṣe bèbí ńlá tó tó èèyàn, kí àwọn èèyàn lè máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ èémí.

21/ Ojú tó gbé wọ bèbí yẹn, ojú ọmọbìnrin kan ni, tí wọ́n ti fi ẹfun yà láti ìgbà pípẹ́, tí ọ̀pọ̀ ilé ní Yúróòpù gbé kọ́ ògiri. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé inú odò Seine ní Paris ni wọ́n ti rí òkú ọmọbìnrin náà, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ orúkọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kọ́ CPR rí, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Ẹni tí ìtàn ní omi gbé lọ, òun ló wá ń kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn lọ́wọ́ omi.

22/ Ìtàn ì bá dáa ká ní ibí ló parí sí. Ṣùgbọ́n jíjí ẹni tó ti rì nìkan kọ́ ló mú kí ikú omi dín kù nílẹ̀ òyìnbó. Wọ́n fi irin dábùú etí omi. Omi ẹ̀rọ wọ inú ilé, ọmọdé ò bá kànga pàdé mọ́. Wọ́n fi àwọn olùgbàlà sétí òkun. Ní Netherlands lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gba ìwé-ẹ̀rí ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé omi wọn dín kù o. Amsterdam ṣì wà lórí omi.

23/ Ẹ máa ní, "Òyìnbó lówó, àwa ńkọ́?" Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi Yúróòpù sílẹ̀ ká lọ sí Bangladesh. Ibẹ̀ lomi wà ju tiwa lọ: odò, adágún, àgbàrá, kòtò omi lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan. Owó ò sì sí nílẹ̀ rẹpẹtẹ.

24/ Ẹ̀yin mọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń ṣu? Dhaka, olú-ìlú Bangladesh, wà lára ibi tí wọ́n ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970. Omi yẹn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára gba àìmọye ọmọ là níbẹ̀. Nígbà tí àìsàn wá ń lọ sílẹ̀, ohun kan ṣẹ́ kù nílẹ̀ bí òkúta nígbà tí odò bá fà. Ní agbègbè Matlab, níbi tí wọ́n ti ń ka gbogbo ìbí àti ikú láti ilé dé ilé, ìdajì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ikú àwọn ọmọ ọdún 1 sí 4 lọ́dún 2000 ló jẹ́ ikú omi.

25/ Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fi rí i tẹ́lẹ̀? Torí ẹni tí omi bá pa kì í dé ọ́sípítù. Ilé ló ń kú sí, ilé ni wọ́n ti ń sin ín. Ìwé ọ́sípítù ò mọ̀ ọ́n. Ìjọba á wo ìwé, á rí ibà, á rí ìgbẹ́ gbuuru, kò ní rí omi. Mo ronú sí ọmọ àǹtí mi. Ìwé wo ni orúkọ ẹ̀ wà? Kò sí ìkankan.

26/ Nígbà tí wọ́n wá lọ káàkiri Bangladesh lójúlé-lójúlé ní ọdún 2003, wọ́n rí i pé omi ń pa nǹkan bí 17,000 ọmọdé lọ́dún. Ọmọ 46 lóòjọ́. Wọ́n tún béèrè pé ibo, ìgbà wo? Ìdáhùn: kòtò omi tó wà nítòsí ilé, láàárín aago 9 àárọ̀ sí aago 1 ọ̀sán. Àsìkò tí ìyá ń dáná, tó ń fọṣọ, tí bàbá wà lóko. Àǹtí mi ń fọṣọ. Àárọ̀ ni.

27/ Tẹ́ ẹ bá ti mọ aago, ẹ ti mọ iṣẹ́. Wọ́n dá ibi ìtọ́jú ọmọ sílẹ̀ lábúlé, wọ́n pè é ní Anchal. Obìnrin abúlé kan tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ á gba nǹkan bí ọmọ 25 sọ́dọ̀ láti aago 9 sí aago 1, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí dókítà. Anchal lédè wọn ni etí aṣọ sárì tí ìyá fi ń bo ọmọ ẹ̀ mọ́ra. Ẹ ò rí i pé ọ̀já ni? Ọ̀já ni wọ́n fi bá omi jà.

28/ Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ikú omi láàárín àwọn ọmọ tó ń lọ sí Anchal fi ohun tó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ dín kù. Wọ́n tún ń kọ́ àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ ní ìlúwẹ̀ẹ́, nínú adágún abúlé fúnra ẹ̀, tí wọ́n fi ọparun pààlà sí. Ní ọdún 2022, ìjọba Bangladesh fọwọ́ sí i láti dá irú ibi ìtọ́jú ọmọ bẹ́ẹ̀ 8,000 sílẹ̀.

29/ Bangladesh àti Ireland ló tún gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àjọ náà ṣe ìpinnu àkọ́kọ́ nípa ikú omi látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọ́n sì ya July 25 sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún. Láti 1767 dé 2021. Ẹ ẹ̀ rí bó ṣe pẹ́ tó kí ayé tó gbà pé ọ̀rọ̀ ìlera ni.

30/ Àwa ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní nǹkan bí 300,000 èèyàn lomi pa lọ́dún 2021. Nínú mẹ́rin, ọ̀kan jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Láti ọdún 2000, ìwọ̀n ikú omi ní Yúróòpù ti fi 68% lọ sílẹ̀. Ní Áfíríkà, 3%. Ẹ tún un kà. Mẹ́ta. Ọlọ́run kan náà ló dá gbogbo wa, omi kan náà la ń mu. Tó bá jẹ́ kádàrá lásán ni, kí ló dé tí kádàrá wọn fi dín kù tí tiwa dúró?

31/ Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ṣọ̀pọ̀ná. Àwọn baba wa ò jẹ́ dárúkọ ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, Ilẹ̀ Gbígbóná ni wọ́n ń pè é. Tó bá mú ọmọ lọ, èèyàn ò gbọdọ̀ sunkún. Lónìí, èmi àti ẹ̀yin ò mọ bó ṣe rí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lé e lọ, ní ọdún 1980 ni wọ́n kéde pé ó ti tán láyé. Ohun tí a ti pè ní kádàrá rí, tí a wá dẹ́kun pípè bẹ́ẹ̀, pọ̀.

32/ Omi tiwa náà ní ibi tó ń gbà mú wa. Kànga tí kò ní ìdérí. Ike omi ńlá nínú bàlùwẹ̀. Kòtò ṣalángá tí wọ́n gbẹ́ tí wọn ò bò. Gọ́tà tó kún lọ́jọ́ òjò. Ọkọ̀ ojú omi tó kún àkúnjù láìsí life jacket: ní June 2023, àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan tó dànù lágbègbè Pategi ní Kwara, ó ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ tó kú. Gbogbo ìwọ̀nyí ló lórúkọ. Gbogbo wọn ló ní ohun tí a lè ṣe sí i.

33/ Ẹ ní, "Ṣebí ẹni tó bá mọ odò wẹ̀ kò séwu?" Àwọn ọmọ Ìlàjẹ àti Ègùn ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja, ẹ̀bùn ńlá ni, ó wù mí kí gbogbo wa ní i. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 2 ò lè lúwẹ̀ẹ́ jáde nínú kànga. Ìdérí ló máa gbà á là. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ gan-an, tí ìjì bá dojú ọkọ̀ dé, life jacket ló máa gbé e léfòó.

34/ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí pamọ́ sórí fóònù yín:
• Ẹ má kàn bẹ́ sómi tẹ̀ lé ẹni tó ń rì, á fà yín mọ́ra. Ẹ kígbe, ẹ na igi tàbí okùn sí i, ẹ ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tẹ́ ẹ dé lẹ́nu sí i.
• Tó bá ti jáde, tí kò mí: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Ẹ má dorí ẹ̀ kodò. Ẹ má tẹ ikùn. Ẹ má fún un ní epo.
• Ẹ gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu kí àyà ẹ̀ gbéra. Ẹ wá tẹ àárín àyà ní ìgbà 30, kíákíá. Ẹ fẹ́ èémí 2. Ẹ tún un ṣe. Ẹ má dúró títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé.
• Kí ẹlòmíì pe 112. L'Ékòó, 767 náà wà.
• Tó bá tiẹ̀ jí, ẹ gbé e lọ sọ́sípítù.

35/ Ẹ wo ìgbésẹ̀ kejì yẹn. Ohun tí ẹgbẹ́ Amsterdam tẹ̀ sínú ìwé ní 1767 ni. Ó ti lé ní 250 ọdún. Kò yẹ kó tún gba 250 ọdún mìíràn kó tó dé ẹ̀yìnkùlé wa.

36/ Ọdún tó kọjá, mo lọ kí àǹtí mi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo sọ ìtàn èéfín tábà fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ti páànù, pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn, pé ìdérí tó dáa ni kò sí. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá ní, "Láti ọjọ́ yẹn, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bá mi sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ tó ní ìdí."

37/ Kànga yẹn ti ní ìdérí onírin báyìí, pẹ̀lú àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́rùn àǹtí mi. Àwọn aládùúgbò méjì ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n júwe wẹ́ẹ́dà tó ṣe é fáwọn. Kò sí dúkátì 6 níbẹ̀, kò sí mẹ́dàlì. Ṣùgbọ́n ọmọdé mẹ́rin ló ń ṣeré lẹ́yìnkùlé yẹn lọ́jọ́ tí mo lọ.

38/ Tẹ́ ẹ bá ka ibí, ẹ ṣe ohun kan fún mi kẹ́ ẹ tó lọ wo fídíò míì. Ẹ dìde, ẹ lọ wo kànga ilé yín, ike omi yín, gọ́tà iwájú ilé yín. Kí ló dé e? Ta ló ń wo ọmọ láàárín aago 9 sí aago 1? Ẹ bá mi pín in dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ọmọ kékeré nílé. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká bómi lọ. Àmín. Ẹ sì bá mi de kànga yín. 🙏🏾